Nígbà tí Ẹbí Di Ẹ̀bi

Bí olùkọ́ bá fẹ́ kí àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ mọ ìdí tí àmì ohùn fi ṣe pàtàkì nínú ìwé Yorùbá, ọ̀rọ̀ méjì kan wà tí ó rọrùn fún un láti kọ sí ara pátákó: ẹbí àti ẹ̀bi. Lẹ́tà kan náà ni àwọn méjèèjì ní. Àmì nìkan ni ó pààlà sí àárín wọn. Èkíní ni àwọn ènìyàn tí a bí wa sí àárín wọn, tí a ń bá jẹ, tí a ń bá mu. Èkejì ni ẹrù tí adájọ́ ń dì lé ẹni tí ó bá jẹ̀bi lórí. Bí ọwọ́ ẹni tí ń to lẹ́tà ní ilé ìtẹ̀wé bá yẹ̀ díẹ̀, ẹbí a di ẹ̀bi. Àwa tí a wà nídìí iṣẹ́ yìí mọ irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ dáadáa, a sì ti tọrọ àforíjì nítorí rẹ̀ rí.

Ará Amẹ́ríkà tí kò gbọ́ Yorùbá ni ó ṣe sinimá tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí, síbẹ̀ lórí àṣìṣe yìí gan-an ni gbogbo ìṣẹ́jú 179 tí sinimá náà gbà dá lé. Ìtàn ọkùnrin kan ni, ẹni tí ó gbéra láti lọ kí ìyá rẹ̀, tí ó sì bá ara rẹ̀ níwájú ìgbìmọ̀ onídàájọ́.

Orúkọ sinimá náà ni Beau Is Afraid, èyí tí í ṣe pé ẹ̀rù ń ba Beau. Ari Aster, tí a bí ní New York ní ọdún 1986, ni ó kọ ọ́ tí ó sì darí rẹ̀. Ilé iṣẹ́ A24 ni ó gbé e jáde ní oṣù kẹrin ọdún 2023. Joaquin Phoenix ni ó sì ṣe Beau. Aster ti ṣe sinimá ńlá méjì ṣáájú rẹ̀, Hereditary ní ọdún 2018 àti Midsommar ní ọdún 2019, nínú àwọn méjèèjì, inú ilé ni jàǹbá ti kọ́kọ́ bẹ́ sílẹ̀ kí ó tó tàn káàkiri. Ti Beau yìí ti wà lọ́kàn rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, nítorí pé ní ọdún 2011 ni ó ti ṣe sinimá kékeré kan lórí ọkùnrin tí wọ́n jí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lọ nígbà tí ó fẹ́ lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Nínú ti ọdún 2023, owó tí wọ́n ná tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 35 dọ́là, èyí tí ó sì pa wọlé ní gbogbo ayé kò ju nǹkan bíi mílíọ̀nù 12 lọ. Àwọn kan pè é ní iṣẹ́ ọgbọ́n, àwọn mìíràn pè é ní ìfowóṣòfò. Kí ó tó di pé a bọ́ sínú ọ̀rọ̀, a fẹ́ kí ó yé àwọn olùkọ́ tí ń ka ìwé ìròyìn wa pé kì í ṣe sinimá tí a lè kó ọmọ ilé-ìwé lọ wò. Ìhòòhò wà nínú rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ wà nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ tí kò ṣeé sọ lójú àgbà sì wà nínú rẹ̀.

Nínú òkùnkùn ni sinimá náà ti bẹ̀rẹ̀. Ojú ọmọ tí a ń bí lọ́wọ́ ni a fi ń wò ó: ariwo, ìmọ́lẹ̀, àti ohùn ìyá tí ń bèèrè tìbínú-tìbínú ìdí tí ọmọ òun kò fi sunkún. Ẹ kíyè sí i. Ọmọ náà kò tí ì mí èémí àkọ́kọ́, wọ́n sì ti ń bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ohun tí ó yẹ kí ó ti ṣe.

Láti ibẹ̀ a bá Beau ní ọ̀dọ̀ dókítà tí ń gbọ́ ẹ̀dùn ọkàn ènìyàn. Ó ti di ọkùnrin tí irun rẹ̀ ń funfun, kò ní aya, kò bí ọmọ. Lọ́jọ́ kejì ni ó fẹ́ wọ ọkọ̀ òfurufú lọ bá ìyá rẹ̀, nítorí pé àjọ̀dún ikú bàbá rẹ̀ ń bọ̀. Dókítà náà rọra bi í léèrè nípa ìrìn àjò yìí àti nípa ìyá rẹ̀, ó sì kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sínú ìwé rẹ̀, pé ọkùnrin yìí jẹ̀bi. Lẹ́yìn èyí ni ó fún un ní oògùn tuntun, ó sì kìlọ̀ fún un gidigidi pé kò gbọdọ̀ lò ó láìmu omi tẹ̀ lé e.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn èyí pa wá lẹ́rìn-ín títí ó fi bà wá lẹ́rù. Àdúgbò tí Beau ń gbé dà bí ẹni pé gbogbo ìròyìn búburú tí ó ti kà rí ni ó kó ara wọn jọ sí òpópónà kan: òkú nílẹ̀, ọ̀bẹ lọ́wọ́, wèrè lẹ́nu ọ̀nà. Ní òru, ó dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́ nínú yàrá rẹ̀, aládùúgbò rẹ̀ kan sì ń ti ìwé kékeré gba abẹ́ ìlẹ̀kùn wọlé pé kí ó dín ariwo rẹ̀ kù. Kò sí ariwo kankan. Ìwé kejì tún dé, ìbínú inú rẹ̀ sì ju ti àkọ́kọ́ lọ. Nígbà tí ó yá, aládùúgbò náà fi orin dídún kíkankíkan gbẹ̀san ariwo tí Beau kò pa, Beau kò sì rí oorun sùn títí ilẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́. Ó sùn kọjá àkókò. Bí ó ti ń sáré jáde, ó fi kọ́kọ́rọ́ sí ara ìlẹ̀kùn, ó gbé àpótí rẹ̀ sílẹ̀, ó yára padà lọ mú nǹkan kékeré kan tí ó gbàgbé. Kí ó tó ṣẹ́jú, kọ́kọ́rọ́ ti lọ, àpótí ti lọ.

Ó tẹ ìyá rẹ̀ láago. Ibi yìí ni a rò pé gbogbo sinimá náà fi ìdí kalẹ̀ sí, bẹ́ẹ̀ ni kò gùn, kò sì sí ẹ̀jẹ̀ kankan níbẹ̀. Mona Wassermann, ìyá rẹ̀, kò bú u. Kò pariwo lé e lórí. Ó kàn dákẹ́ ni, ohùn rẹ̀ sì tutù. Nígbà tí ọmọ bèèrè ohun tí ó yẹ kí òun ṣe, ìyá dá a lóhùn pé ó dá òun lójú pé yóò ṣe ohun tí ó tọ́. Ènìyàn lè sọ pé ọ̀rọ̀ ìfọkàntán ni èyí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti dúró níwájú òbí tàbí ọ̀gá tí kò sọ ohun tí ó ń fẹ́, tí ó sì ń retí kí a ṣe é, yóò mọ̀ pé ẹgba dùn jù ú lọ. Ẹgba ní iye. Bí a bá ka mẹ́fà, ó parí. Èyí kò ní iye.

Ó da oògùn sẹ́nu. Omi ẹ̀rọ kò sì yọ. Ó ka ewu oògùn náà, ó rí i pé ó lè pa òun. Ó ní láti sọdá òpópónà náà lọ ra omi, ṣùgbọ́n kò sí kọ́kọ́rọ́ tí yóò fi wọlé padà, nítorí náà ó fi ìwé ńlá kan dá ìlẹ̀kùn ìta dúró, ó sì sáré. Níbi tí ó ti ń ka owó wẹ́wẹ́ fún ọlọ́jà, ó ń wo gbogbo àwọn asínwín òpópónà náà bí wọ́n ti ń wọ́ tẹ̀ lé ara wọn wọ inú ilé rẹ̀. Orí igi àwọn kọ́lékọ́lé ni ó sùn ní òru ọjọ́ náà, ó ń yọjú wo àwọn àlejò tí kò pè bí wọ́n ti ń jó nínú yàrá rẹ̀. Nígbà tí ó tún tẹ ìyá rẹ̀ láago lọ́jọ́ kejì, ọkùnrin kan tí ń pín ẹrù láti ojúlé dé ojúlé ni ó dáhùn. Ó ní òun bá òkú obìnrin kan nílẹ̀, fìtílà ńlá tí a so rọ̀ sí àjà ti já lù ú, orí rẹ̀ kò sí mọ́.

Àwọn kan sọ pé àlá lásán ni gbogbo èyí. A gbà pé kò sí ìlú kan tí ó rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí àníyàn bá ti mú rí mọ̀ pé bí ó ti máa ń rí nìyẹn. Ọkàn tí kò balẹ̀ kì í rí òkúta kékeré. Àpáta ni gbogbo rẹ̀. Aster kò sọ fún wa pé Beau ń bẹ̀rù, ó gbé ojú Beau fún wa pé kí a fi wo ayé. Nítorí náà ni a fi ń rẹ́rìn-ín tí a sì ń wo ẹ̀yìn wa.

A kò ní pẹ́ lórí ohun tí ó tẹ̀ lé e. Ọkọ̀ gbá Beau, wọ́n gún un lọ́bẹ, ó sì jí nínú ilé dókítà oníṣẹ́ abẹ kan àti aya rẹ̀, Roger àti Grace, tí ọmọkùnrin wọn kú sójú ogun. Wọ́n tọ́jú rẹ̀ bí ọmọ. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n ń fún un ní oògùn, wọ́n sì ń sún ọjọ́ tí wọn yóò gbé e lọ síbi ìsìnkú ìyá rẹ̀ síwájú. Láàárín àkókò yìí agbẹjọ́rò ìyá rẹ̀, tí a ń pè ní Dókítà Cohen, ń pè é láago. Júù ni ìdílé Wassermann, àwọn Júù kì í sì í fi òkú falẹ̀. Ìyá náà ti sọ pé a kò gbọdọ̀ sin òun láìsí ọmọ òun níbẹ̀. Nítorí náà, bí Beau ti ń pẹ́ tó ni ẹ̀tẹ́ òkú ìyá rẹ̀ ń pọ̀ tó. Òkú pàápàá ń ka wákàtí fún un.

Ó sá kúrò níbẹ̀, ó sì bọ́ sínú igbó, ó bá àwọn eléré orí ìtàgé kan pàdé. Nínú eré wọn ni ó ti rí ara rẹ̀. Àwòrán yíyà tí a mú kí ó máa rìn ni Aster fi ṣe apá yìí, àwọn ará Chile méjì, Cristobal León àti Joaquín Cociña, ni wọ́n sì bá a ṣe é. Ó dára púpọ̀, òun ni ó sì dùn mọ́ wa jù lọ nínú gbogbo sinimá náà. Beau di àgbẹ̀, ó gbéyàwó, ó bí ọmọkùnrin mẹ́ta, àgbàrá ńlá dé, ó gbá wọn lọ kúrò lọ́dọ̀ ara wọn, ó ń wá wọn kiri títí ó fi di arúgbó kùjọ́kùjọ́, ó sì rí wọn. Níbi tí wọ́n ti ń sunkún ayọ̀, ó sọ ìtàn ìdílé rẹ̀ fún wọn: pé ìyá òun ti sọ fún òun nígbà èwe pé àrùn ọkàn kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn ọkùnrin ilé àwọn, pé ní òru ọjọ́ tí a lóyún òun gan-an ni bàbá òun kú, bẹ́ẹ̀ ni bàbá bàbá òun náà, àti pé nítorí ìbẹ̀rù yìí òun kò súnmọ́ obìnrin rí. Àwọn ọmọ náà wo ara wọn. Wọ́n bi í pé bí ọ̀rọ̀ bá rí bẹ́ẹ̀, báwo ni a ṣe bí àwọn? Eré tú, igbó sì padà di igbó. Ìyá ti fi ìtàn kan gba ọmọ-ọmọ lọ́wọ́ ara rẹ̀, ó sì gba ìdílé lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀, kí ó má baà ní ìdílé mìíràn ju òun lọ.

Nígbà tí Beau dé ilé ìyá rẹ̀, ìsìnkú ti parí. Mona jẹ́ ọlọ́rọ̀, ilé iṣẹ́ ńlá kan ni ó dá sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Elaine, ọmọbìnrin kan tí Beau fẹ́ràn nígbà tí wọ́n wà ní ọmọdé, wá síbẹ̀. A kò ní sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ láàárín wọn ju pé àrùn ọkàn kò pa Beau. Obìnrin náà ni ó kú. Bẹ́ẹ̀ ni ìyá rẹ̀ jáde láti inú òkùnkùn, ó wà láàyè, ara rẹ̀ le. Òkú tí a sin kì í ṣe òkú rẹ̀, ti ìránṣẹ́bìnrin tí ó tọ́ Beau dàgbà ni, wọ́n sì ti fún àwọn ẹbí ìránṣẹ́ náà lówó. Ìyá náà ti fẹ́ mọ bí ọmọ òun yóò ti yára tó láti wá sin òun. Bákan náà ni ó mú gbogbo ọ̀rọ̀ àṣírí tí Beau ti bá dókítà rẹ̀ sọ jáde, tí a gbà sílẹ̀ láti àtẹ̀yìnwá, ó sì mú kí Beau gbọ́ ọ. Dókítà náà sì jókòó níbẹ̀.

Patti LuPone ni ó ṣe ìyá yìí, a sì gbọdọ̀ yìn ín, nítorí pé kò ṣe é bí àjẹ́. Ó ṣe é bí obìnrin tí ọkàn rẹ̀ gbọgbẹ́ ní tòótọ́, tí ó gbà pé òun fi gbogbo ayé òun fún ọmọ, tí ó sì ń wo ohun tí ó padà wá. Ìbànújẹ́ rẹ̀ kì í ṣe irọ́. Ìwé gbèsè tí ó fi kọ ọ́ sílẹ̀ ni ó burú.

Nínú òkè àjà ilé náà ni Beau ti lọ wo òtítọ́ nípa bàbá rẹ̀. Ẹranko abàmì tí ó bá níbẹ̀ kò ṣeé kọ sí ojú ewé yìí, àwa sì rò pé níbẹ̀ ni Aster ti ṣe àṣejù, nítorí pé àwọn òǹwòran rẹ́rìn-ín níbi tí ó yẹ kí wọ́n ti dákẹ́. Ṣùgbọ́n ohun mìíràn wà ní òkè àjà náà tí a kò lè gbàgbé: ọkùnrin gbígbẹ kan tí a fi ẹ̀wọ̀n dè, tí ojú rẹ̀ dà bí ti Beau. Ṣáájú èyí ni a ti rí i nínú àlá pé ọmọ kan wà nígbà kan rí tí ó gbójú bèèrè bàbá rẹ̀ lọ́wọ́ ìyá, tí ìyá sì tì í mọ́ òkè àjà, tí Beau jókòó sínú omi ìwẹ̀ tí ó ń wò. Ọmọ tí ó bèèrè ọ̀rọ̀ ni a dè. Èyí tí ó panu mọ́ ni ó di Beau tí gbogbo wa mọ̀. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ rò ó wò nígbà mìíràn tí ọmọ kan bá jókòó jẹ́ẹ́ ní ẹ̀yìn kíláàsì tí a sì ń yìn ín pé ó gbọ́ràn.

Òǹkàwé kan lè sọ pé kí ni àwa ń bá bọ̀ yìí, ṣé a fẹ́ kí ọmọ máa bá ìyá rẹ̀ ṣe ẹjọ́ ni? A kò sọ bẹ́ẹ̀. Àwa tí a ń sọ pé bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu, a mọ̀ pé òbí ní ẹ̀tọ́ lára ọmọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo òwe náà dáadáa: ọjọ́ ogbó ni ó ń sọ, oúnjẹ ni ó ń sọ. Kò sọ pé láti ọjọ́ ìkómọ ni kí òkété ti máa wọn ọmú ọmọ rẹ̀ wò. Wọ́n tún máa ń sọ pé ọmọ tí ó bá ṣípá ni ìyá rẹ̀ ń gbé. Beau ti ṣípá títí irun rẹ̀ fi funfun. Mona ń wò bóyá ó tètè ṣí i, bóyá ó ṣí i tìfẹ́tìfẹ́. Kò sì sí ọmọ kan láyé tí ó lè yege nínú irú ìdánwò bẹ́ẹ̀, nítorí pé kò sí ìyá kan láyé tí ó lè rí inú ọmọ. Bákan náà, sinimá yìí kò dá Beau láre. Àgbàlagbà ni, síbẹ̀ kò ṣe ìpinnu kan rí fúnra rẹ̀. Àwọn ènìyàn kú ní àyíká rẹ̀ nígbà tí ó dúró tí ó ń tọrọ àforíjì.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun lọ́wọ́ àwọn Júù òǹkọ̀wé. Franz Kafka, ará Prague, kọ ìtàn kúkurú kan ní ọdún 1912, nínú èyí tí bàbá arúgbó kan dìde lórí ibùsùn tí ó dá ọmọ rẹ̀ lẹ́jọ́ pé kí ó kú sínú omi, ọmọ náà sì sáré lọ sí orí afárá, ó sì ju ara rẹ̀ sílẹ̀. Kò bèèrè ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Ní ọdún 1919 Kafka fúnra rẹ̀ kọ lẹ́tà sí bàbá rẹ̀, tí ojú ewé rẹ̀ lé ní 100, láti ṣàlàyé ìdí tí òun fi ń bẹ̀rù rẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ Max Brod sọ pé ìyá ni ó fi lẹ́tà náà lé lọ́wọ́ kí ó bá òun fún bàbá, ìyá sì dá a padà fún un. Aster fi ìyá sí ipò bàbá, ó sì gbé ìdájọ́ lọ sí ojú omi. Ní èdè Jámánì, ohun tí orúkọ Wassermann túmọ̀ sí ni ọkùnrin omi.

Lójú omi náà ni ó parí sí. Nínú ìbínú, Beau na ọwọ́ sí ọrùn ìyá rẹ̀, ìyá ṣubú, ẹ̀rù bà á, ó wọ ọkọ̀ ojú omi kékeré kan ní òru, ó sì wọ inú ihò àpáta kan. Nígbà tí ó jáde ní ìhà kejì, ó bá ara rẹ̀ ní àárín pápá ńlá kan tí ó kún fún ènìyàn láti ìsàlẹ̀ dé òkè, ìyá rẹ̀ sì wà láàyè lókè níbẹ̀ pẹ̀lú Dókítà Cohen tí ń ka ẹ̀sùn. Kì í ṣe ẹ̀sùn olè, kì í ṣe ẹ̀sùn ìpànìyàn. Wọ́n fi hàn lára ògiri gbòòrò bí ó ti sá pamọ́ fún ìyá rẹ̀ nínú ilé ìtajà ńlá nígbà tí ó wà ní ọmọdé, tí ìyá ń wá a kiri. Agbẹjọ́rò kan wà fún Beau náà, ní òkèèrè réré, ohùn rẹ̀ kò dé ibi kankan, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi tì í ṣubú sórí àpáta. Beau bẹ̀bẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó pe ìyá rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í rú èéfín, ó bú gbàmù, ọkọ̀ sì dojú dé.

Ìyá rẹ̀ ké. Àwọn òǹwòran inú pápá náà jókòó díẹ̀ bóyá nǹkan mìíràn yóò ṣẹlẹ̀. Omi ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dìde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń gba ẹnu ọ̀nà lọ láìsọ̀rọ̀, orúkọ àwọn òṣèré sì ń gòkè lórí ọkọ̀ tí ó dojú dé náà. Nígbà tí ìjókòó inú pápá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo tán, àwa náà gbé àpò wa, a sì jáde.